Èènì Ni Wọ́n Fi Ṣe, Ó Wá Di Ohun Ọ̀wọ́n

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Sẹ́ẹ̀tì 1978 bá wa sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́)

  

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ohun tí mo ń kó jọ láti bí ogún ọdún sẹ́yìn. Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Àgbà tó ti ní ọmọ-ọmọ, kí ló ń fi ìwé kọ́míìkì ṣe? Ìyàwó mi náà ti bi mí rí. Ẹ ní sùúrù fún mi. Kì í ṣe gbogbo kọ́míìkì ni mò ń wá. Èyí tí wọn kò tà ni mò ń wá, èyí tí ọlọ́ṣẹ tàbí oníbàtà fi ta ọmọdé lọ́rẹ kí òbí rẹ̀ lè wá rajà. Ní ọjà tiwa, a mọ orúkọ tó yẹ ẹ́: èènì ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí a bá fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọnù, bẹ́ẹ̀ òun náà ló máa ń sọ fún ni bí ayé ṣe rí nígbà náà.

Ẹ gbọ́ ná. Èèyàn lè rò pé ìwé títà ló kọ́kọ́ wà kí èènì tó tẹ̀lé e. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1933, ilé ìtẹ̀wé Eastern Color tẹ ìwé kan tó ń jẹ́ Funnies on Parade fún Procter & Gamble, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ. Wọ́n ṣa àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn ọjọ́ Àìkú jọ, wọ́n sì tẹ ẹ̀dà 10,000. Ẹni tó bá gé kúpọ́ọ̀nù lára ọjà wọn tó sì fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń fún. Kò pẹ́ tó fi tán. Ìgbà tí wọ́n rí i pé àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ ni wọ́n tó dán an wò bóyá wọ́n lè tà á. Famous Funnies dé orí àtẹ ní 1934, sẹ́ǹtì 10 ni ẹ̀dà kan. Ẹ ò rí i pé èènì ló bí ọjà?

Láti 1946 títí di 1982, wọ́n tẹ òmíràn tó ń jẹ́ March of Comics, ó tó nọ́ńbà 488. Àwọn ṣọ́ọ̀bù bàtà wà lára àwọn tó ń gbà á fún oníbàárà wọn, wọn a sì tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sára rẹ̀. Ọmọdé wá wọn bàtà, wọ́n fún un ní ìwé, ó kà á tán, ó di ohun àtisọnù. Kò mọ̀ pé Carl Barks, ògbóǹtarìgì ayàwòrán, ló ya pẹ́pẹ́yẹ Donald Duck inú nọ́ńbà 4 ti 1947 àti nọ́ńbà 20 ti 1948. Wọn ò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Kí ló dé tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n? Òun kì í dé ọ̀dọ̀ afìwétà. Òmíràn kò ní iye owó lára, kò ní ọjọ́, kò ní nọ́ńbà. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè má nípọn ju tinú lọ. Ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ kà á sí bébà ìpolówó lásán. Ọmọdé á gé kúpọ́ọ̀nù rẹ̀, á kun àwòrán rẹ̀. Àwọn akówèéjọ kan kì í fẹ́ èyí tí wọ́n ti gé. Èmi fẹ́ ẹ dáadáa, nítorí ihò yẹn fi hàn pé ìwé náà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Òmíràn kò tilẹ̀ rọ́wọ́ gbà rárá. Ní 1939, àwọn kan ṣe Motion Picture Funnies Weekly, wọ́n fẹ́ kí àwọn onílé sinimá máa pín in fún ọmọdé. Ètò náà forí ṣánpọ́n, àpẹẹrẹ díẹ̀ ni wọ́n tẹ̀. Inú rẹ̀ ni Bill Everett ti kọ́kọ́ ya Namor, ọba abẹ́ omi, kí Namor tó jáde nínú Marvel Comics lọ́dún kan náà. Ìgbà tí ẹni tó ni ìwé náà kú, tí wọ́n ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní 1974, ni wọ́n tó rí ẹ̀dà mélòó kan. Ọdún 35 ló fi sùn!

Ẹ jẹ́ kí n wá mú ọ̀kan tó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Ní December 1957, ẹgbẹ́ alálàáfíà kan, Fellowship of Reconciliation, tẹ Martin Luther King and the Montgomery Story, ojú ewé 16 péré. Ohun tí wọ́n ń polówó níbẹ̀ ni bí èèyàn ṣe lè kọ ìyà láìgbé igi, láìju òkò. Ó sọ bí àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Montgomery ṣe kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì fún ọjọ́ 381, títí òfin ìyàsọ́tọ̀ inú bọ́ọ̀sì fi wó. Ẹ̀dà 250,000 ni wọ́n tẹ̀. Ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ ló gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn, sẹ́ǹtì 10 sì ni iye rẹ̀. John Lewis kà á nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó di aṣíwájú nínú ìjà náà, ó sì di aṣòfin ní Washington. Nígbà tó dàgbà, kọ́míìkì lòun náà fi sọ ìtàn ara rẹ̀. March lorúkọ rẹ̀. Apá kìíní jáde ní 2013, apá kẹta gba ẹ̀bùn National Book Award ní 2016. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́ǹtì 10 ló tan iná yẹn o.

Ẹ̀yin sẹ́ẹ̀tì mi, ẹ wá rántí 1975. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe kọ́míìkì Powerman fún Nàìjíríà tiwa yìí, akọni aláwọ̀ dúdú ni. Èyí kì í ṣe èènì, wọ́n tà á ni, ṣùgbọ́n ìpín kan náà ló bá a. Dave Gibbons àti Brian Bolland ni wọ́n ń yà á, ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà náà. Gibbons ló padà ya Watchmen ní 1986, Bolland ló ya The Killing Joke ní 1988. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára àwòrán kọ̀ọ̀kan kí òǹkàwé má bàa ṣìnà. Àwọn àjèjì ń fowó ńlá wá a lónìí. Àwa tí wọ́n ṣe é fún, inú ilé ta ló kù sí?

Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ wá sílé. Ìwé ètò ìdíje eré ìdárayá wa, àlímánáákì ilé ẹ̀kọ́, ìwé ọjọ́ ìgbẹ̀bùn, ìwé àkọsílẹ̀ tó ní àmì ilé ẹ̀kọ́ lára: èènì ni gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni ò tà wọ́n fún wa, la ṣe fi wọ́n di ẹ̀pà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ wa ń wá ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ ti àwọn ọdún 1970, méjì péré ni wọ́n rí, ọ̀kan kò ní èèpo. Àwọn tó lè tọ́ka sí ojú inú fọ́tò kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀, àwọn olùkọ́ wa tó jókòó síwájú yìí ni. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń dáhùn.

Ẹ lọ tú àpótí. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ èyí tó ya, yóò pọ́n, yóò sì ba bébà jẹ́. Ẹ má ká a. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú páálí, kí ó jìnnà sí oòrùn, ilẹ̀ títutù àti ikán. Ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọdún àti orúkọ sórí bébà ọ̀tọ̀, kì í ṣe sára rẹ̀. Mo ti bá akọ̀wé sọ ọ́: páálí kan yóò wà fún sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan, ẹyọ bébà kan péré. Ẹni tí kò bá lè fi sílẹ̀, kí ó mú un wá ká yà á, kí ó sì mú un lọ.

Àwọn àgbà ní ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.