Erùpẹ̀ Onílé, Omi Gbogbo Ìlú: Ilé Kíkọ́ àti Àgbàrá Òjò ní Igbókòdá

 

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ohun tí àgbàrá ń ṣe sí ilé ni gbogbo wa mọ̀. Èyí tí a kì í sọ ni ohun tí ilé tí à ń kọ́ ń dà sínú àgbàrá, àti ibi tí àgbàrá ń gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá tú ilẹ̀ láti kọ́lé, òun ló ni erùpẹ̀ tó tú, òun ni kó sì dá a dúró sórí ilẹ̀ rẹ̀.

Igbókòdá, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ láti 1996, jẹ́ ibi tí títì ti ń fa èrò lé omi lọ́wọ́. Ọkọ̀ ilẹ̀ gba Òkìtìpupa dé, ọkọ̀ ojú omi sì gbéra ní jẹ́tì lọ sí Ayétòrò, Àwóyè àti àwọn ìlú etíkun yòókù. Ní ìlú òkè, àgbàrá a máa gba oko àti igbó kọjá kó tó dé odò, yóò sì ti já díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà. Níhìn-ín, ibi tí gọ́tà parí sí, ibẹ̀ ni odò ti bẹ̀rẹ̀. Òjò wa náà kì í ṣe kékeré: ó pọ̀ gan-an ní Òkúdù àti Agẹmọ, ó sinmi díẹ̀ ní Ògún, ó tún padà ní Ọwẹ́wẹ̀.

Àwọn baba wa mọ irú ilẹ̀ yìí. Ilé pákó tí wọ́n kọ́ dúró lórí òpó; omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sí pé à ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ gbọọrọ, kò sì sí pé à ń da erùpẹ̀ kún irà. Lónìí, à ń wó ilé pákó, à ń fi ilé búlọ́ọ̀kù rọ́pò rẹ̀. Èmi kò lòdì sí i. Ta ni kò fẹ́ ilé tó le? Ṣùgbọ́n ilé búlọ́ọ̀kù nílò erùpẹ̀ ìkúnlẹ̀, yanrìn, gíráfẹ́ẹ̀lì àti símẹ́ńtì, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń sùn síta fún oṣù mélòó kan.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi iṣẹ́ kan. Tipa já erùpẹ̀ pupa sí ẹ̀bá títì ní ìrọ̀lẹ́, nítorí àyè ò sí nínú ọgbà. Yanrìn wà lápá kejì, ó ti gorí gọ́tà. Bíríkìlà parí iṣẹ́ òòjọ́, ó fọ ṣọ́bìrì àti páànù, ó da omi rẹ̀ sí gọ́tà. Òjò rọ̀ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkìtì erùpẹ̀ ti dín kù, gọ́tà ti pọ́n, etí odò náà ti pọ́n. Onílé pe tipa mìíràn. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí ti àná lọ. Nígbà tó bá di ọjọ́ ìmọ́tótó, a ó kó erùpẹ̀ náà jáde nínú gọ́tà, a ó kó o jọ sétí gọ́tà kan náà, òjò tó bá tún rọ̀ yóò sì dá a padà.

Àjọ EPA, tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé erùpẹ̀ tí àgbàrá ń gbé lórí ilẹ̀ ìkọ́lé tó ṣí sílẹ̀ lè tó ìlọ́po 10 sí 20 ti ilẹ̀ oko, ó sì lè tó ìlọ́po 1,000 sí 2,000 ti ilẹ̀ igbó. Ẹ bu omi àgbàrá sínú ìgò kí ẹ wò ó. Yanrìn yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀ kíákíá. Amọ̀ yóò ṣì máa léfòó lọ́jọ́ kejì. Yanrìn yìí ló ń dí ojú omi, tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ fi ń gbá ilẹ̀. Amọ̀ yẹn ló ń bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀, tó ń dí ibi tí ẹja fi ń mí, tó sì ń gbé àwọn èròjà tó ń bọ́ ewéko orí omi tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ wa. Omi símẹ́ńtì ní tirẹ̀ ń jó ara bí omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú: òdiwọ̀n pH rẹ̀ lè kọjá 12, bẹ́ẹ̀ ni ẹja kì í gbádùn omi tó bá ti kọjá 9. Ẹ fi epo dísẹ́ẹ̀lì àti òróró ẹ́ńjìnì kún un. Àwọn kan nínú wa sì ń bu odò yìí lò nílé.

Ìbàdàn ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ohun tí odò tó dí lè dá sílẹ̀. Omíyalé odò Ògùnpa ti 31 Ògún 1980 gbé èèyàn àti ilé lọ. Ti 26 Ògún 2011 pa èèyàn tó lé ní 100. Pàǹtí àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú omi wà lára ohun tó fa méjèèjì.

Kì í ṣe pé a kò ní òfin. Òfin àyẹ̀wò àyíká kí iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ti wà láti 1992. Wọ́n dá àjọ NESREA, tó ń mú òfin àyíká ṣẹ ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ní 2007, nígbà tó sì di 2011, ìlànà àyíká fún iṣẹ́ ìkọ́lé jáde. Ṣùgbọ́n Àbújá jìnnà sí pulọ́ọ̀tì kan ní ẹ̀bá odò wa.

Ẹ má sì jẹ́ ká kàn ṣe àdàkọ òfin ẹlòmíì. Òfin omi mímọ́ ti Amẹ́ríkà jáde ní 1972. Ní 1987 ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ àgbàrá ìlú kún un dáadáa. Nígbà tó di 1990, ibi iṣẹ́ tó bá tó éékà 5 ní láti gba ìwé àṣẹ. Ní 1999 wọ́n fà á wálẹ̀ sí éékà 1. Éékà 1 nílẹ̀ wa jẹ́ pulọ́ọ̀tì 6 tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Bí a bá fi éékà wọn wọn tiwa, gbogbo onípulọ́ọ̀tì kan ni yóò bọ́ lọ́wọ́ òfin, bẹ́ẹ̀ àwọn ló pọ̀ jù. Ní Igbókòdá, bí ilẹ̀ ṣe súnmọ́ omi tó ni kí a wò, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó.

Kí ni kí á ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ilẹ̀ títú àti erùpẹ̀ kíkún bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín Bélú sí Ẹrẹ́nà. Èkejì, ẹ má ha gbogbo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí iṣẹ́ kò tíì dé, ẹ fi koríko rẹ̀ sílẹ̀, pàápàá ní apá odò. Ẹ̀kẹta, ẹ to àpò ìrẹsì tí a kó yanrìn sí yí ẹsẹ̀ ilẹ̀ ká, kí ẹ na ẹní tí àwọn ìyá wa ń hun mọ́ èèkàn lẹ́yìn rẹ̀. Omi yóò yọ́ kọjá, erùpẹ̀ tó pọ̀ nínú rẹ̀ yóò dúró. Ẹ̀kẹrin, òkìtì erùpẹ̀ kò gbọdọ̀ súnmọ́ gọ́tà, kí tapólì sì bò ó lálẹ́. Ẹ̀karùn-ún, ẹ gbẹ́ kòtò kan, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni kí bíríkìlà ti máa fọ irinṣẹ́. Bí símẹ́ńtì inú rẹ̀ bá gbẹ, ẹ kó o dànù síbi tó yẹ. Bí ilé bá sì parí tán, ẹ má fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mu omi díẹ̀.

Ẹni tó bá ní owó òun ò tó fún èyí, kó rántí pé owó rẹ̀ ni àgbàrá gbé lọ pẹ̀lú erùpẹ̀ ọjọ́sí. Bí erùpẹ̀ náà bá sì dé inú odò tán, owó gbogbo ìlú ni a ó fi gbẹ́ ẹ jáde.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn tó ń fọwọ́ sí pílánù ilé ni pé, kí òǹtẹ̀ tó lu pílánù kankan nítòsí omi, kí onílé fi hàn lórí ìwé ibi tí erùpẹ̀ rẹ̀ yóò wà, ibi tí àgbàrá yóò gbà, àti ibi tí wọn yóò ti máa fọ irinṣẹ́. Iṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ títì tàbí ọjà, ni kó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e. Kí ẹgbẹ́ bíríkìlà fi ìlànà yìí kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin apẹja, bí ẹ bá rí odò tó ṣàdédé pọ́n, ẹ tọ ọ̀nà àgbàrá náà lọ dé orísun rẹ̀, kí ẹ sì bá onílé sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́tù kí ẹ tó fi ẹjọ́ sùn. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.