Àga Gbọọrọ Ilé Olóúnjẹ

Àwọn baba wa ní, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Nítorí náà, kí ó má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ilé olóúnjẹ àti ilé ẹlẹ́mu ni a gbé wá síwájú yín. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ti ń jókòó bí ẹgbẹ́ ara wọn, kí òfin kankan tó sọ pé a dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ilé olóúnjẹ ti rí láyé ṣílè àti kọ́bọ̀ àtijọ́, kí náírà tó dé ní oṣù kìíní ọdún 1973. Òpó igi mẹ́rin, òrùlé páànù tàbí ti koríko, tábìlì kan, àga gbọọrọ kan, ìkòkò lórí ààrò. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni a ti yá ọ̀rọ̀ búkà. Àtíbàbà koríko ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá olóúnjẹ ti dáná. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ni ti òwúrọ̀. Àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, tàbí iyán àti ẹ̀fọ́, ni ti ọ̀sán. Ẹni tí ó ní tọ́rọ́ jẹun. Ẹni tí ó ní sísì fi ẹran kún un. Ẹni tí kò sì ní nǹkan kan, bí ìyá bá mọ̀ ọ́n ní ènìyàn rere, yóò jẹun pẹ̀lú, a ó sì fi ẹfun fa ìlà gbèsè rẹ̀ sára òpó títí owó oṣù yóò fi dé.

Ta ni ń jókòó níbẹ̀? Alábàárù ni, dẹ́rẹ́bà ni, akọ̀wé ni, tíṣà ni, àgbẹ̀ tí ó wá ta kòkó sì ni pẹ̀lú. Èjìká wọn ń kan ara wọn lórí àga kan náà. Ẹni tí ó mọ̀wé a ka ìwé ìròyìn sókè, ẹni tí kò mọ̀wé a sì dá sí ọ̀rọ̀ náà bí ó ti tọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlú ṣe ń ti ẹnu dé etí.

Ẹ fi èyí wé ilé àwọn ọlọ́lá ní àkókò náà. Ní oṣù kejì ọdún 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti Lọ́ńdọ̀nù, dé sí Èkó. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Sàró. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ dè é ní Bristol Hotel, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n kọ̀ ọ́. Èkó gbiná! Àwọn ènìyàn fi ẹ̀hónú hàn, ìwé ìròyìn kọ ọ́, títí Gómìnà Richards fi pàṣẹ ní ọdún náà pé ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ kò gbọdọ̀ sí mọ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fi ariwo gbà ní hòtẹ́ẹ̀lì, ìyá olóúnjẹ ti ń fún wa láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí ìwé àṣẹ.

Ti ilé ẹlẹ́mu kò yàtọ̀. Ẹmu òwúrọ̀ a máa dùn. Bí oòrùn ti ń yí ni ó ń kan, kí alẹ́ sì tó lẹ́, ó ti le. Kò ṣeé tọ́jú pamọ́. Ó di dandan kí àwọn aládùúgbò jọ mu ún. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Èkó ni orin jùjú ti gbilẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939, Tunde King sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ìjọba amúnisìn fi òfin de ògógóró tí a ń fi ẹmu wa ṣe, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí jíìnì òkèèrè wọlé, ó sì ń gba owó-bodè lórí rẹ̀. Ní ọdún 1949, bíà Star kọ́kọ́ jáde ní Èkó, ìgò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò agbè.

A kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Èéfín ba ojú ọ̀pọ̀ ìyá jẹ́. Owó oṣù ẹlòmíràn tán sí ìdí agbè kí ó tó délé. Àwọn ọmọbìnrin kan ń fọ àwo nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń kàwé. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó jẹ́ pé owó ìdí ìkòkò ni wọ́n fi rán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ.

Lónìí ńkọ́? Bí wọ́n bá fẹ́ mú ọ̀nà gbòòrò, búkà ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi ọ̀dà pupa sàmì sí. Ẹni tí ó fi ogún ọdún bọ́ àdúgbò a di ẹni tí ń ru ìkòkò kiri. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ni! Èlùbọ́, epo, ata, ẹ̀wà, àti ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ, oko yín ni wọ́n ti wá. Bí búkà kan bá wó, àgbẹ̀ kan ti pàdánù oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn adẹ́mu wa ti darúgbó, àwọn ọmọ wọn kò sì fẹ́ gun ọ̀pẹ mọ́.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, ẹ bá àwọn káńsílọ̀ yín sọ ọ́ pé kí a tó wó ilé olóúnjẹ kan, kí a ti fi ibòmíràn tí ó ní omi àti gọ́tà hàn án. Èkejì, ẹ má ṣe gé gbogbo ọ̀pẹ yín tán, ẹ sì kọ́ ọ̀dọ́ kan ní iṣẹ́ ẹmu dídá. Ẹ̀kẹta, ẹ lọ bá àwọn ìyá olóúnjẹ tí ó kù láyé, kí ẹ kọ orúkọ wọn, ibi tí wọ́n tà, àti ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí ó tó di àwátì.

Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Àga gbọọrọ yẹn gba olówó, ó gba tálákà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a yọ ọ́ nílẹ̀ lójú wa.