Jíìpù Tó Ń Dún Níwájú
Ẹ̀yin ará wa, àwọn jíìpù kan wà, bíi Range Rover, tó jẹ́ pé àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ló gbé wọn dúró dípò sípíríǹgì. Bí iwájú bá ń dún kò-kò-kò nínú kòtò, ẹ má sáré ra àpò tuntun. Owó gọbọi ni! Bọ́ṣì tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó ti jẹ ni a máa ń kọ́kọ́ wò. Àpò tó ń jò kì í sábà dún bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ a ti rẹlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ ni. Ẹ ta omi ọṣẹ sí i: ibi tó bá hó, ibẹ̀ ló ti ń jò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ má wọ abẹ́ rẹ̀ láìfi irin ti ara ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá jáde lójijì, yóò wọlẹ̀ lé yín lórí.