Risífà Àlòkù àti Spíkà Méjì

Ẹni tó bá ra risífà àlòkù ní Rye Lane ní Peckham, tó sì rí spíkà méjì mọ́ ọn, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó tan iná sí i.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wọn. Bí wọ́n bá kọ ohm 8 sí spíkà, tí risífà náà sì gba 8, ó ti bá ara mu. Spíkà ohm 4 lè mú risífà bẹ́ẹ̀ gbóná jù.

Ibi wáyà gan-an ni wàhálà wà. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Ẹ bó orí wáyà, ẹ lọ́ ọ pọ̀ dáadáa, kí fọ́nrán kan má yọ lọ kan wáyà kejì. Bí ẹ bá gbé pupa sí dúdú níbi spíkà kan ṣoṣo, ìyẹn á máa tì síwájú bí èkejì ṣe ń fà sẹ́yìn, báàsì á sì pòórá. Ẹ fi Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982 dán an wò. Bí gìtá báàsì bá ń dún bí ẹni tí ebi ń pa, ẹ pa iná, ẹ yí wáyà spíkà kan padà.

Fóònù ńkọ́? Ihò AUX lẹ́yìn risífà ni kí ẹ kì í sí. PHONO wà fún ẹ̀rọ àwo. Ariwo gbígbó lásán ni fóònù máa mú jáde níbẹ̀.

Ẹ má gbé spíkà lélẹ̀ẹ́lẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé fúláàtì. Ará ìsàlẹ̀ yín ò bá yín ra risífà.