Kì Í Ṣe Gbogbo Wáyà Tí Ó Bá Wọlé Ni Ó Tọ́

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ wa àti àwọn alágbàtọ́ wọn sọ ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ títo kọ̀ǹpútà

 

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni ó wà lórí tábìlì yìí, tí a kò tíì tò pọ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa ni ẹ ó tò wọ́n, ẹ̀yin náà ni ẹ ó sì máa lò wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń béèrè pé ìgbà wo ni a máa fi Windows sí i. Ẹ fi ara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ wáyà ni a fẹ́ kọ́kọ́ sọ, pàápàá wáyà tí ó ń gbé iná lọ sí hard disk, nítorí ibẹ̀ ni àwa fúnra wa ti kọ́ ọgbọ́n tí ó dùn wá.

Ní ọdún 2021, power pack kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa jó nígbà tí iná dé pẹ̀lú agbára. A ra òmíràn, a sì pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ náà pé kí ó bá wa pààrọ̀ rẹ̀. Power pack àtijọ́ jẹ́ irú èyí tí a lè yọ wáyà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tuntun. Ọjọ́ yẹn gan-an ni a fẹ́ tẹ orúkọ àwọn ọmọ tí a ó san owó ilé-ìwé fún, a sì ń kán ọmọ náà lójú pé kí ó ṣe kíá. Ó pààrọ̀ àwọn wáyà ńlá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé wáyà tí ó lọ sí hard disk ni a ti fi okùn dì mọ́ inú àpótí dáadáa, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti ẹnu rẹ̀ bọ ẹ̀yìn power pack tuntun. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tí ó fura. A tan iná, òórùn jíjó sì gba inú yàrá kan.

Hard disk méjì ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Lórí èkínní ni orúkọ gbogbo ọmọ òrukàn tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú wa wà, pẹ̀lú ilé-ìwé wọn, iye owó wọn àti nọ́ńbà àwọn alágbàtọ́ wọn. Lórí ìkejì ni a ṣe àdàkọ rẹ̀ sí, tí a rò pé a ti gbọ́n. Wáyà kan náà ni ó ń fún àwọn méjèèjì ní iná. Àwọn méjèèjì ni ó kú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan wà tí wọ́n lè gbìyànjú láti yọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n pè ju agbára wa lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí a ń kọ orúkọ lákọ̀tun. Ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú bi wá pé, "Ṣé ẹ ti yọ orúkọ ọmọ mi kúrò ni?" Wọ́n ti lé ọmọ náà wálé nítorí owó tí a kò san ní àsìkò. A kò rí ẹnu fi dá a lóhùn. Owó sàká wà lọ́wọ́ wa, ó pé. Ẹni tí ó tọ́ sí ni a kò mọ̀ mọ́. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn nìkan. Àwa ni a kán an lójú, àwa náà ni a kó àdàkọ sínú àpótí kan náà. Amánà ni àwọn orúkọ wọ̀nyẹn, a kò sì ṣọ́ wọn bí ó ti yẹ.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ gan-an? Ẹ wo ẹ̀yìn hard disk yìí. Wáyà méjì ni ó ń wọ̀ ọ́. Èyí tí ó kéré ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí motherboard. Ojú irin 7 ni ó wà ní ẹnu rẹ̀. Èyí tí ó fẹ̀ jù ú lọ ń ti ọ̀dọ̀ power pack bọ̀, òun ni ó ń gbé iná. Ojú irin 15 ni tirẹ̀. SATA ni à ń pe irú ẹnu yìí. Àwọn méjèèjì ní ìgun bí lẹ́tà L, kí ẹnikẹ́ni má baà lè dorí wọn kodò.

Iná tí power pack ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe oríṣi kan. Wáyà aláwọ̀ ìyeyè sábà máa ń gbé fóòtì 12, pupa ń gbé 5, olómi ọsàn ń gbé 3.3, dúdú sì ni ọ̀nà àbọ̀ iná. Nínú hard disk ńlá bí èyí, fóòtì 12 ni ó ń yí mọ́tò, fóòtì 5 ni ó sì wà fún bọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí 12 bá gba ojú 5 wọlé, bọ́ọ̀dù náà lè jó kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ẹnu wáyà tí ó wọ hard disk, gbogbo ilé-iṣẹ́ ni ó ti fohùn ṣọ̀kan lé e lórí. Bákan náà ni káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ẹnu kejì, èyí tí ó wọ ẹ̀yìn power pack, kò sí òfin kan tí ó de gbogbo wọn. Olúkúlùkù ń to tirẹ̀ bí ó ti wù ú, kódà ilé-iṣẹ́ kan náà lè yí i padà láti irú kan sí òmíràn. Ihò méjì lè jọra bí ìbejì, kí ibi tí 12 wà nínú ọ̀kan jẹ́ ibi tí 5 wà nínú èkejì. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tuntun, dúdú ni gbogbo wáyà, nítorí náà àwọ̀ kò lè kìlọ̀ fún yín. Power pack tí wáyà rẹ̀ kì í yọ kò ní wàhálà yìí.

Bí a ṣe máa ṣe é lónìí nìyí.

Èkínní, ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri, kí ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná lẹ́ẹ̀kan kí iná tí ó ṣẹ́kù lè tán. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú power pack fúnra rẹ̀. Iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́.

Ìkejì, ẹ wo ẹ̀yìn power pack. Àwọn kan ní bọ́tìnì pupa kékeré tí a kọ 115 àti 230 sí. Iná Nàìjíríà jẹ́ ti 230. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí ó ti Amẹ́ríkà wá lè wà lórí 115. Bí ẹ bá tan án bẹ́ẹ̀, yóò bú.

Ìkẹta, wáyà ẹlẹ́nu 24 ni ti motherboard. Ti CPU jẹ́ 8, ó sì sábà máa ń pín sí 4 àti 4. Ti káàdì àwòrán náà lè jẹ́ 8, ṣùgbọ́n 6 àti 2 ni ó ń pín sí. Iná inú wọn yí padà sí ara wọn. Ẹ ka ohun tí a kọ sí i lára. Bí kò bá wọlé, ẹ má fi agbára tì í.

Ìkẹrin, ẹ de hard disk mọ́lẹ̀ kí ó má mì. Ẹ ti wáyà ọ̀rọ̀ wọlé, lẹ́yìn náà wáyà iná, ní tààrà. Tí ẹ bá ń yọ ọ́, orí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, nítorí ahọ́n ike tí ó wà nínú ojú ihò náà máa ń tètè kán. Ẹ sá fún wáyà àsopọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí ó ń sọ ẹnu oníhò mẹ́rin àtijọ́ di ti SATA, tí wọ́n yọ́ ike bò lórí. Wáyà inú rẹ̀ lè kan ara wọn, kí ó gbiná.

Ìkarùn-ún, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí ń lo disk M.2, tí ó rí pẹlẹbẹ bí ṣingọ́ọ̀mù, mìlímítà 22 ní ìbú, 80 ní gígùn. Kò nílò wáyà rárá. Ẹ dà á ní ìdagẹ̀rẹ̀ wọ ojú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ìṣó kékeré rẹ̀ dè é. Nínú àwọn motherboard kan, bí M.2 bá wọlé, ojú SATA kan tàbí méjì máa ń kú. Ẹ ka ìwé rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé hard disk ti bàjẹ́.

Ìkẹfà, kí ẹ tó pa àpótí dé, ẹ tan án, ẹ wọ BIOS, kí ẹ wò bóyá orúkọ gbogbo disk jáde. Bí ọ̀kan kò bá jáde, ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Láti ọdún 2021 yẹn, òfin méjì ni a ń tẹ̀lé. Nọ́ńbà kan náà ni a ń kọ sára power pack àti gbogbo wáyà rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń jáde. Èkejì, àdàkọ ìwé orúkọ wà lórí disk kan tí a kì í fi sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan ni ó ń mú un lọ sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà àlòkù ta wá lọ́rẹ, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń fún wa ní power pack, ẹ kó wáyà tirẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí kò bá ní wáyà, ẹ kọ ọ́ sí i lára, kí àwọn ọmọ yìí má baà lọ wá wáyà nínú páálí.

Ẹ̀yin ọmọ wa, kò sí ẹni tí yóò kán yín lójú lónìí. Bí ẹ bá gbé wáyà kan dání tí ẹ kò mọ ibi tí ó ti wá, ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ béèrè. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á lè ṣọ́ amánà tí ó wà lọ́wọ́ wa. Àmín.