Òṣómàáló Kì í Fi Owó Rẹ̀ Sílẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ)

Ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó inú iṣẹ́ ọnà ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin aláàdìrẹ, ayàwòrán, afọ́tò, agbẹ́gilére, akọrin, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ṣe fláyà, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ yín dáa, gbogbo wa là ń rí i lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n mélòó nínú yín ló lè fi owó iṣẹ́ yẹn jẹun ní oṣù kẹta, nígbà tí kò sí ọdún, tí kò sí ìnáwó ńlá?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ ọnà ò lè bọ́ èèyàn níbí. Ní 1962, Olóògbé Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier sọ ilé ọtí Ládípọ̀ ní Òṣogbo di Mbárí Mbáyọ̀. Nígbà tó fi máa di 1964, eré Ọba Kò So ti dé Berlin ní Jámánì. Bàbá Jimoh Buraimoh, iná ni wọ́n ń tàn fún eré Ládípọ̀. Ní 1964 wọ́n dara pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ tí Georgina Beier ṣe, wọ́n sì di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Nígbà tó yá, wọ́n dá òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ní Òṣogbo. Màmá Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ gálárì ńlá sí Lẹ́kí. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ẹni tó gbára lé ẹyọ ohun kan nínú wọn. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Ohun mẹ́ta ni mo ní í sọ fún yín.

Èkíní, ẹ ṣírò. Ká ní aṣọ funfun tí ẹ fẹ́ fi ṣe àdìrẹ jẹ́ ₦6,000. Aró, kọ́sítíìkì àti àbẹ́là jẹ́ ₦2,500. Ìdáná àti owó ọkọ̀ jẹ́ ₦1,500. ₦10,000 ti wọlé nìyẹn. Tí ẹ bá wá tà á ní ₦12,000, tó sì gbà yín ní ọjọ́ méjì, ₦1,000 ni iṣẹ́ òòjọ́ yín. Ṣé iṣẹ́ lẹ ṣe ni, àbí ẹ bá oníbàárà ná owó? Ẹ kọ́kọ́ dá iye tí òòjọ́ yín tó, kí ẹ fi kún owó ọjà, kí èrè tó wá lé e lórí.

Èkejì, ẹ gba owó yín. Lẹ́yìn tí ogun Kírìjì parí ní 1886, àwọn baba wa gbé aṣọ káàkiri, wọ́n ń tà á láwìn. “Òṣó ni mà á ló kí n tó gbowó mi,” ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá. Òṣó tí wọ́n ló nìkan la máa ń rántí. A gbàgbé pé ẹni tó ń tàwìn gbọ́dọ̀ mọ ilé oníbàárà, kó mọ iye tí wọ́n jọ sọ, kó sì mọ ọjọ́ tí yóò padà wá. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ iye owó àti ọjọ́ sínú mẹ́sèéjì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ìdajì sílẹ̀. Ẹ má fi ojúlówó àwòrán ránṣẹ́ kí bálánsì tó wọlé. Ẹ sì mọ̀ pé òfin Copyright Act ti 2022 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ iṣẹ́ yín pátápátá, inú ìwé ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ àsìkò. Oṣù kẹjọ, ọdún Ọ̀ṣun dé, àlejò kún Òṣogbo. Oṣù Kejìlá, ọdún Ìwúdè dé ní Iléṣà, ìgbéyàwó pọ̀, owó ń wọlé. Owó oṣù méjì yẹn ni ẹ máa fi la oṣù tó gbẹ kọjá. Ẹ ya àkáǹtì iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára tiyín. Ẹ san owó oṣù fún ara yín, ẹ dá àjọ, ẹ fi owó ọjà sílẹ̀. Ẹ forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ ní CAC, torí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn kì í sanwó sí àkáǹtì èèyàn lásán.

Ó wá kù sọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. “Ọmọ wa ni, ó máa bá wa ṣe é” ti pọ̀ jù. Ọmọ wa ń ṣe fláyà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń ya fọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́, tí ìnáwó ńlá bá wá dé, ará Èkó la ó lọ san owó fún. Nígbà tí ọmọ náà bá kó lọ sí Èkó, a ó ní àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ dúró nílé. Data ló fi ṣe iṣẹ́ yẹn, epo jẹnẹrétọ̀ ló jó.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ ni pé, bẹ̀rẹ̀ láti ìnáwó tó ń bọ̀, iṣẹ́ ọnà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́, ọmọ ilé ni ká kọ́kọ́ fi lọ̀, ká sì fún un ní ìdajì owó ṣáájú. Bí kò bá sí owó, ká sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ pinnu. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà, ẹ kọ orúkọ, iṣẹ́ àti iye owó yín sórí grúùpù yìí, ká lè mọ ibi tá a ti máa rí yín.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Iṣẹ́ ọwọ́ wa á lérè o.