Gáàsì Tí Ń Wa Ọkọ̀ Òkun



Wọ́n ti ń bi mí pé kí ló pa Minna pọ̀ mọ́ ọkọ̀ òkun. Ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ ìjọba bíi tèmi yóò rántí oṣù keje ọdún 2015, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù. Owó tí iléeṣẹ́ Nigeria LNG ní Bonny san wà lára èyí tí ìjọba àpapọ̀ pín fún àwọn ìpínlẹ̀ láti fi san gbèsè náà. Ọkọ̀ òkun ló kó gáàsì yẹn lọ tà kó tó di owó.

Gáàsì yìí kọ́ ló wà nínú sílíńdà ilé ìdáná yín. Tiyín, fífún mọ́ra ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di omi. Ti Bonny, òtútù ni: ó gbọ́dọ̀ tutù dé ìwọ̀n 162 sí ìsàlẹ̀ òdo, bẹ́ẹ̀ òdo lásán ni omi ti ń di yìnyín. Nígbà náà, ohun tó kún 600 àgbá yóò wọ inú àgbá kan ṣoṣo. Oṣù kẹwàá 1999 ni ẹrù àkọ́kọ́ kúrò ní Bonny. Lára àwọn ọkọ̀ tó ti ń kó o ni LNG Oyo, LNG Ondo, àti LNG River Niger tó ń jẹ́ orúkọ odò Ọya tiwa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Bó ti wù kí wọ́n bo táǹkì tó, ooru díẹ̀ yóò wọlé, gáàsì náà yóò sì máa hó díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá sé e mọ́, yóò máa ti táǹkì. Bí wọ́n bá tú u dànù, òfò ni. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá darí rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ ìṣáájú ń fi í se omi, kí oru rẹ̀ lè yí ẹ̀rọ. Àwọn tí wọ́n kàn ní Korea fún Bonny ní 2015 àti 2016 ń jó o nínú ẹ́ńjìnnì tó tún lè lo dísù. Ẹrù ń bọ́ ẹni tó rù ú!

Lọ́dún 2000, Norway gbé Glutra jáde, ọkọ̀ tí ń gbé mọ́tò àti èrò sọdá omi, tí kì í kó gáàsì tà ṣùgbọ́n tó ń fi í rìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020, àjọ IMO ní kí imí ọjọ́ inú epo ọkọ̀ òkun má ju ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, 3.5 ni tẹ́lẹ̀. Gáàsì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní imí ọjọ́ rárá, ni àwọn olówó ọkọ̀ bá yíjú sí i.

Mi ò ní torí pé ọjà wa ni kí n fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá láìjó. Láàárín ogún ọdún, tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ń mú ayé gbóná ju 80 tọ́ọ̀nù èéfín carbon dioxide lọ. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń jò lè sọ gbogbo àǹfààní yẹn di asán.

Àwọn ọ̀dọ́ ti bi mí nípa Baro, èbúté tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní 2019: ṣé gáàsì yìí lè wa ọkọ̀ lórí odò Ọya? Lójú tèmi, kò tíì yá. Táǹkì rẹ̀ ń gba àyè púpọ̀ ju ti dísù lọ, ọkọ̀ onípákó tí ń gbé èrò wa kò sì lè rù ú. Bonny, Onne àti Lagos, níbi tí ọkọ̀ ńlá ń gúnlẹ̀ sí, ni kí a ti kọ́kọ́ máa tà á fún ọkọ̀ àlejò. Ọmọ tó bá fẹ́ràn ẹ̀rọ nínú yín, Maritime Academy wà ní Oron, ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom. Wọ́n ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òkun níbẹ̀.

Mo ṣe tán láti gba ìbéèrè.